Bí Ẹni Tó Ti Lé ní Àádọ́ta Ọdún Ṣe Lè Di Ayàwòrán ní Èkó

Ohun àkọ́kọ́ tí mo yà lẹ́yìn tí mo fi iṣẹ́ ìṣirò owó sílẹ̀ ní Marina ni sálúbàtà mi, mo sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko yà á kí ó tó jọ ohun tí ènìyàn lè ti ẹsẹ̀ bọ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni mí nígbà náà. Ojoojúmọ́ ni mò ń wo sálúbàtà yẹn láti ọdún mẹ́rin, mo mọ ibi tí gìgísẹ̀ mi ti jẹ ẹ́, síbẹ̀ ọwọ́ mi kò lè sọ ohun tí ojú mi mọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń gbèrò àtifi àwòrán yíyà ṣe iṣẹ́ kejì kọ́kọ́ mọ̀ nìyẹn, kí ó tó ra búrọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo: ojú yín ti dàgbà, ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ ni ọwọ́ yín. Ọgbọ̀n tàbí ogójì ọdún tí ẹ ti fi ń wo ènìyàn kò ṣòfò rárá, òun ni yóò sọ àwòrán yín di ohun tí ẹlòmíràn kò lè yà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ní láti rá kí ó tó rìn, ìtìjú rírá yẹn ló sì ń lé ọ̀pọ̀ àgbà padà sílé.

Bí ẹ bá rò pé ọjọ́ ti lọ, ẹ rántí ayàwòrán Aina Onabolu. Wọ́n bí i ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún 1882, iṣẹ́ akọ̀wé ní iléeṣẹ́ aṣọ́bodè ní Èkó ló sì fi ń jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó ń ya àwọn gbajúmọ̀ ìlú nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Ó ti ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage ní 1906, ṣùgbọ́n ọdún 1920 ló tó wọkọ̀ ojú omi lọ sí London láti kọ́ iṣẹ́ náà dé ìdí, nígbà tó ti tó ẹni ọdún méjìdínlógójì. Ó padà dé ní 1922, ó sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn iléèwé bíi King's College àti CMS Grammar School. Ẹ kíyè sí i pé kò fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀ lójijì: owó oṣù ló ń bọ́ ọ títí ọwọ́ fi mọ̀ ọ́n.

Kí ọjọ́ ìfẹ̀yìntì tó dé

Òṣìṣẹ́ ìjọba ní àǹfààní kan tí oníṣòwò kò ní, èyí ni pé ó mọ ọjọ́ tí yóò kúrò. Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka, bí ènìyàn bá pé ọgọ́ta ọdún, tàbí tó bá ti lo ọdún márùndínlógójì lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé, ilé yá. Ẹ ka ọdún mẹ́ta sẹ́yìn láti ọjọ́ yẹn, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ìwé kékeré kan tó lè wọ àpò àti pẹ́ńsùlù kan ti tó. Ẹ máa yà nígbà tí ẹ bá wà lórí ìlà ní báńkì, nínú ọkọ̀ ojú omi láti Ìkòròdú, àti níbi tí ẹ bá ti ń dúró de dókítà. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ lórí afárá Third Mainland, tí gbogbo wa ń ráhùn sí, ni mo fi kọ́ bí etí ènìyàn ṣe rí, nítorí ẹ̀yìn orí àti etí ni ẹni tó jókòó sẹ́yìn nínú ọkọ̀ BRT máa ń rí jù.

Ní ti owó, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ láìfi bò. Ẹ má ṣe fi owó tí wọ́n bá san fún yín lápapọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ gba ilé tí ẹ ó máa pè ní sítúdíò. Mo rí àwọn tó ṣe é, tí onílé wá béèrè owó ọdún kejì nígbà tí wọn kò tíì ta àwòrán kan. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín tó, igun yàrá tí ọmọ tó ti lọ sílé ọkọ fi sílẹ̀ tó. Ọdún kejì ni àwòrán mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ọ̀dà tó wà lára rẹ̀, ọdún kẹrin ni mo sì tó rí ohun tí mo lè pè ní èrè. Kí owó ìfẹ̀yìntì olóṣooṣù máa bọ́ ilé, kí àwòrán máa bọ́ àwòrán.

Oṣù mẹ́fà láìfọwọ́ kan ọ̀dà

Ẹ lọ sí Ṣómólú, níbi tí àwọn atẹ̀wé pọ̀ sí, kí ẹ ra àjẹkù bébà tí wọ́n gé kúrò lára iṣẹ́ àwọn oníbàárà. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì dára kí akẹ́kọ̀ọ́ ní bébà tí kò ní dùn ún láti bàjẹ́. Pẹ́ńsùlù 2B àti 4B, tí ẹnu wọn rọ̀ tó sì dúdú, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Lójoojúmọ́, ẹ ya ọwọ́ òsì yín nígbà mẹ́wàá, ìṣẹ́jú márùn-ún péré fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ déètì sí abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ẹyin kan, igbá kan àti ìkòkò kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹyin ló ṣòro jù nínú wọn: kò ní igun, kò ní ìlà, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ sínú òjìji nìkan ló ń sọ fún wa pé ó rí rogodo. Ẹni tó bá lè ya ẹyin lè ya ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdé. Fún ìkòkò, ẹ na apá yín gbọọrọ, ẹ di ojú kan, kí ẹ fi pẹ́ńsùlù wo iye ìgbà tí fífẹ̀ ẹnu rẹ̀ wọ inú gíga rẹ̀. Ohun tí ẹ bá rí lè yà yín lẹ́nu, nítorí ojú tó ti mọ ìkòkò fún àádọ́ta ọdún ti gbàgbé láti máa wò ó.

Ẹ má ya láti inú fóònù ní àsìkò yìí. Ojú kan ṣoṣo ni fóònù ní, ó máa ń sọ ohun gbogbo di pẹlẹbẹ, ó sì máa ń sọ òjìji di dúdú biribiri, bẹ́ẹ̀ òjìji gidi kún fún àwọ̀.

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ni bóyá ó yẹ kí ènìyàn padà sí iléèwé. Yaba College of Technology, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947, ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán Èkó ti kọ́ iṣẹ́. Yusuf Grillo, tí wọ́n bí ní àdúgbò àwọn Àgùdà ní Erékùṣù Èkó ní 1934, tó sì ṣaláìsí ní 2021, darí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà níbẹ̀ fún ohun tó lé ní ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ọdún méjì ni ti ND, ọdún méjì mìíràn ni ti HND, àlàfo tún wà láàárín wọn. Bí ẹ bá wà ní àádọ́ta ọdún tí ara ṣì le, ẹ ronú sí i. Bí ẹ bá ti lé ní ọgọ́ta, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ wá ayàwòrán kan tí iṣẹ́ rẹ̀ wù yín, kí ẹ sì san owó fún un láti máa jókòó sí sítúdíò rẹ̀ ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ kúkúrú náà wà. Bruce Onobrakpeya, ayàwòrán tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Mushin láti ìgbà pípẹ́, dá Harmattan Workshop sílẹ̀ ní Agbarha-Otor ní ìpínlẹ̀ Delta ní 1998. Ọdún 1932 ni wọ́n bí i, ó sì ń ṣiṣẹ́ lọ lẹ́yìn tó ti pé ẹni àádọ́rùn-ún ọdún.

Ọ̀rọ̀ kan wà nípa kíkọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọmọdé tí a gbọ́dọ̀ sọ. Olùkọ́ mi kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Dádì ló ń pè mí, ó ń dọ̀bálẹ̀ kí mi, ohunkóhun tí mo bá sì yà, ohun tó ń sọ ni pé, “Ó dára, sà.” Oṣù méjì kọjá kí n tó mọ̀ pé kò dára rárá, pé ẹ̀kọ́ ilé ni kò jẹ́ kí ó lè wo ojú ẹni tó tó bàbá rẹ̀ kí ó sọ pé ojú tó yà kò dọ́gba. Mo pè é jókòó, mo ní, “Ọ̀gá mi, inú iṣẹ́ yìí, ẹ̀yin lẹ̀ ń jẹ́ àgbà. Ẹ nu ohun tí kò bá dára kúrò níwájú mi.” Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ṣẹ́. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún olùkọ́ yín ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ tún máa dé lásìkò, kí ẹ fọ búrọ́ọ̀ṣì fúnra yín, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó gbé àga fún yín.

Ní ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù, ẹ fi ilé sílẹ̀ lọ wo iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn. National Museum wà ní Oníkan láti 1957. Gálárì Nike Davies-Okundaye wà ní Lekki, àwòrán kún ògiri rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Yemisi Shyllon Museum of Art, tó ṣí ní 2019, wà nínú Pan-Atlantic University ní Ìbẹ̀jù-Lekki. Àwòrán kan ṣoṣo ni kí ẹ mú, kí ẹ jókòó tì í fún wákàtí kan, kí ẹ sún mọ́ ọn láti wo ibi tí àwọ̀ méjì ti pàdé, lẹ́yìn náà kí ẹ fà sẹ́yìn títí ojú búrọ́ọ̀ṣì yóò fi pòórá.

Ọ̀dà àti àwọ̀

Oríṣi ọ̀dà méjì ló wọ́pọ̀. Ákírílíìkì ń lo omi, ó sì lè gbẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ní àkókò ọyẹ́. Ọ̀dà olóròóró lè gba ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀, ó ń fún ọwọ́ láyè láti ro ohun tó ń ṣe, ṣùgbọ́n ó nílò tápẹńtáìnì, tí òórùn rẹ̀ kò dára fún ẹni tí èémí rẹ̀ kò já gaara. Ẹ fi ákírílíìkì bẹ̀rẹ̀. A lè fi ọ̀dà olóròóró lé orí ákírílíìkì tó ti gbẹ, ṣùgbọ́n a kì í fi ákírílíìkì lé orí òróró, nítorí yóò ṣí kúrò. Bí ẹ bá dé orí ọ̀dà olóròóró, kí ìpele ìsàlẹ̀ má ní òróró púpọ̀, kí ti òkè ní jù ú lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òkè yóò gbẹ ṣáájú ìsàlẹ̀, yóò sì là. Àkísà tí a fi nu òróró linseed, ìyẹn òróró tí wọ́n fi ń po ọ̀dà yìí, kò gbọ́dọ̀ wà ní ìṣùpọ̀ nínú báàgì: ó lè gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbiná. Ẹ sá a sórí okùn níta títí yóò fi gbẹ gbagidi.

Kánfáàsì tí wọ́n ti kàn mọ́ igi wọ́n. Ẹ ní kí káfíńtà kan igi fún yín, kí ẹ ra aṣọ òwú funfun tó ki, kí ẹ fà á le, kí ẹ sì fi ọ̀dà funfun ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní gesso kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ kí òmíràn tó tẹ̀lé e. Àwọn ayàwòrán kan ń po ọ̀dà ara ògiri mọ́ gọ́ọ̀mù funfun káfíńtà dípò rẹ̀. Fún ìdánrawò, ó dára, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe iṣẹ́ tí ẹ ó tà. Ibi tí mo ní kí ẹ náwó sí ni ọ̀dà funfun, nítorí òun ló ń tán jù, àti búrọ́ọ̀ṣì mẹ́ta tó dára.

Túúbù márùn-ún tó fún ọdún kan: Titanium White (funfun), Yellow Ochre (tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí amọ̀), Burnt Sienna (tó pupa bí ilẹ̀), Ultramarine Blue (aró), àti pupa kan. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé èdè Yorùbá kò ní orúkọ àwọ̀ tó pọ̀, pé funfun, pupa àti dúdú nìkan la mọ̀. Inú mi kì í dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ni mo rí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ẹni tó fi aró sí abẹ́ dúdú pẹ̀lú ewé, tó fi epo, osùn àti wúrà sí abẹ́ pupa, tó sì ya ẹfun àti òwú sọ́tọ̀ sí funfun, ohun tí ayàwòrán gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ló ń bi ara rẹ̀: ṣé ibí yìí mọ́lẹ̀ ni, ṣé ó gbóná ni, àbí ó jìn tó tutù? Ẹ pa ojú pọ̀ díẹ̀, kí ẹ pín ohun tó wà níwájú yín sí funfun, pupa àti dúdú bí àwọn bàbá wa ṣe pín in, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ńlá kun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn, kí ẹ tó wá kan ẹyinjú àti bọ́tìnnì. Àwòrán tí ìpín mẹ́ta yẹn bá ti dúró kì í ṣubú mọ́.

Awọ ara wa ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà. Wọn a mú dúdú láti inú túúbù, ojú ènìyàn a sì dà bí ìdí ìkòkò. Ẹ po Burnt Sienna mọ́ Ultramarine: ẹ ó rí dúdú tó jinlẹ̀ tó sì ní ẹ̀mí, tí ẹ lè tì sí ọ̀nà pupa tàbí sí ọ̀nà aró. Ibi tí ojú ọ̀run bá ti kan iwájú orí ènìyàn dúdú, aró fẹ́ẹ́rẹ́ ló máa ń wà níbẹ̀, kì í ṣe funfun. Abẹ́ àgbọ̀n, tí ilẹ̀ pupa ń tàn sí, máa ń gbóná. Grillo mọ èyí dáadáa, aró àti àlùkò ló kún inú iṣẹ́ rẹ̀, àwọn obìnrin tó yà ní ọrùn gígùn a sì máa dúró bí ẹni tí wọ́n rẹ sínú ìkòkò aró.

Yàrá, òjò àti ara àgbà

Àwọn ìwé ilẹ̀ òkèèrè máa ń sọ pé kí ayàwòrán wá fèrèsé tó kọjú sí àríwá, nítorí oòrùn kì í wọlé láti ibẹ̀. Ní ilẹ̀ wọn, òótọ́ ni. Ní Èkó, tí kò jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì, oòrùn ọ̀sán máa ń yí sí ọ̀nà àríwá wa láti nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin títí dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Nítorí náà, ẹ ta aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí fèrèsé yẹn, kí ẹ sì fi òwúrọ̀ ṣe àkókò iṣẹ́ yín. Fún alẹ́, gílóòbù aláwọ̀ funfun bí ojúmọmọ ni kí ẹ lò. Èyí tó pọ́n yóò mú kí ẹ fi aró púpọ̀ jù, ẹ ó sì rí i lówùúrọ̀.

Òjò ni ọ̀tá kejì. Ní oṣù keje ọdún kẹta mi, mo to àwòrán mọ́kànlá ti ara ògiri yàrá ẹ̀yìn, ojú sí ojú, mo sì lọ kí àwọn ọmọ mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Nígbà tí mo dé, àwọn kan ti lẹ̀ mọ́ra, nítorí ákírílíìkì máa ń rọ̀ nínú ooru. Ìdọ̀tí dúdú wínníwínní tí ọ̀rinrin ń mú wá ti bo ẹ̀yìn àwọn yòókù. Mo sunkún lórí wọn. Ẹ fi pákó gbé tiyín kúrò nílẹ̀, kí àyè wà láàárín wọn àti ògiri, kí ẹ fi bébà dídán sí àárín méjì-méjì, kí afẹ́fẹ́ sì máa rìn.

Ní ti ara, ẹ lọ yẹ ojú wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìkùukùu tó máa ń bo ẹyinjú àgbà ń pa aró kú, ó ń mú ohun gbogbo pọ́n díẹ̀, ẹni tó ní in kò sì ní mọ̀. Awò tí ẹ fi ń ka ìwé kò bá jíjìnnà apá mu. Ẹ sọ fún oníṣẹ́ ojú pé ibi tí ọwọ́ yín nà dé ni ẹ fẹ́ máa rí. Ẹ gba àga gíga, kí ẹ máa dìde ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Kí ni ẹ ó yà, ta ni yóò rà á?

Ọkọ̀ dáńfó aláwọ̀ èsúrú àti ọjà Balógun ni ọ̀pọ̀ ń yà, nítorí wọ́n rò pé òun ni Èkó. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó wakọ̀ tàbí tó tajà. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì mọ bí ọwọ́ aláìsàn ṣe ń dúró lórí ìbòrí ibùsùn. Aránṣọ mọ bí gèlè ṣe ń ṣẹ́. Òṣìṣẹ́ rélùwéè Ebute Metta mọ àwọ̀ irin ní òwúrọ̀. Èmi, àwọn ènìyàn tí wọ́n dúró níwájú tábìlì owó ni mo ń yà, ìyẹn àwọn tí wọ́n wá gba owó, tí wọ́n ń ka á lẹ́ẹ̀kejì, tí wọ́n ń fi ọwọ́ bò ó.

Fún iye owó, mo ń fi íǹṣì ṣe é: gígùn lọ́nà fífẹ̀, lọ́nà iye kan fún íǹṣì kọ̀ọ̀kan, kí n tó fi owó igi àti kánfáàsì kún un. Àwòrán 24 lọ́nà 36 jẹ́ íǹṣì 864. Bí ẹ bá fi ₦100 sí íǹṣì kan, ₦86,400 nìyẹn. Iye kan náà fún ẹbí àti àlejò. Gálárì lè mú láti ìdá kan nínú mẹ́ta owó náà títí dé ìdajì, èyí kò sì burú bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ fún un, ṣùgbọ́n ẹ gba ìwé. Gálárì kan gba àwòrán mẹ́ta lọ́wọ́ mi láìsí ìwé. Wọ́n dá méjì padà, wọn kò sì sọ ohun tó ṣe ìkẹta títí di òní. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ orúkọ àwòrán, ìwọ̀n, ọdún àti nọ́ńbà sí ẹ̀yìn kánfáàsì, tí mo sì ń ya fọ́tò rẹ̀ kí ó tó jáde nílé. Ẹ tún mọ̀ pé ẹni tó ra àwòrán kò ra ẹ̀tọ́ láti tẹ̀ ẹ́ sórí kàlẹ́ńdà, àyàfi bí ẹ bá fi ìwé gbé e fún un. Lábẹ́ Copyright Act ti 2022, tiyín ni ẹ̀tọ́ yẹn títí ẹ ó fi kú, àti fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn rẹ̀.

Iṣẹ́ tó ń wọlé jù fún irú wa ni àwòrán ojú ènìyàn, fún ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún àti fún ìsìnkú òbí. Ọmọ olóògbé yóò gbé fọ́tò kékeré kan tó ti ṣá wá, yóò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù. Ákírílíìkì ni kí ẹ lò, òróró kò ní gbẹ. Ẹ gba ìdajì owó sílẹ̀, kí ẹ fi pẹ́ńsùlù yà á tán lórí bébà, kí ẹ sì ní kí wọ́n mú obìnrin tó dàgbà jù nínú ẹbí wá wò ó kí ọ̀dà tó kàn án, nítorí àwọn ọmọ máa ń rántí aṣọ àti fìlà, ṣùgbọ́n àbúrò olóògbé ló mọ bí ẹnu rẹ̀ ṣe máa ń rí nígbà tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín.